Ta Ló Ba Èékánná Wa Jẹ́?

Ọjọ́ Àìkú, 1 Òkúdù 2025

Òjò láti ìdájí. Omi ti bo àtẹ̀gùn kìíní, ó ń wo èkejì. Láńre ọmọ mi ní kí n má jáde, bí ẹni pé mo ní ibi tí mo fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, mo ń wo àtàǹpàkò mi bí mo ṣe máa ń wo ìwé ìdánwò ọmọ tó jí ìdáhùn wò. Èékánná náà ti nípọn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eyín amutábà, etí rẹ̀ ń rún bí búrẹ́dì àná. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní báyọ́lọ́jì. Àìmọye ìgbà ni mo ya ebu sójú pátákó tí mo ní kí wọ́n yà á sínú ìwé wọn. Ó jọ pé ebu náà kò gbàgbé mi.

Orúnkún mi kò jẹ́ kí n tẹ̀ dé ẹsẹ̀ mọ́. Láti ọdún mẹ́rin, Mọ̀nsúrát ló ń bá mi gé èékánná, lábẹ́ agboòrùn aláwọ̀ ewé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ẹ́sítéètì wa. Ó wò ó lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní, "Màmá Tíṣà, èyí ti kọjá iṣẹ́ sísọ́ọ̀sì o. Ẹ lọ rí dókítà." Mo ní yóò lọ fúnra rẹ̀. Láyé ọjọ́un, ọmọ tó bá sọ irú ìyẹn nínú kíláàsì mi, ìta ni yóò ti parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Òkúdù

Wáásáàpù ẹgbẹ́ onílé ti di ọjà ẹsẹ̀. Modúpẹ́ tó ń gbé ní ilé kẹsàn-án ló bẹ̀rẹ̀: ó ya fọ́tò àtàǹpàkò rẹ̀ tó ti dúdú, ó béèrè bóyá ẹlòmíràn ní irú rẹ̀. Kí n tó mu tíì tán, ẹsẹ̀ mọ́kànlá ti wọlé. Àwọn tí kì í kí ara wọn lójú títì ń fi èékánná han ara wọn. Ẹnì kan ní ọṣẹ ni. Ẹnì kan ní omi bọ́hóòlù ni. Alága wa, Ẹnjiníà Dúrósinmí, kọ ọ́ pé àwọn ń fi ojú ọ̀jọ̀gbọ́n wo ọ̀rọ̀ náà.

Modúpẹ́ wá ní: "Ẹ jẹ́ ká bi Màmá Tíṣà. Iṣẹ́ wọn nìyẹn."

Kí ni mo ń wá? Mo wọ jígí mi, mo tún ara ṣe, mo kọ ọ́ pé: "Ebu ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú irú rẹ̀. Ó máa ń ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Ẹ ṣọ́ra fún sísọ́ọ̀sì àwọn agéèékánná."

Ẹni mọ́kàndínlógún ló pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gbádùn rẹ̀. N kò ní purọ́ fún ìwé ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Òkúdù. Iléyá.

Oòrùn yọ fún wákàtí méjì, ó sì tún rò ó pé òun kò ṣe mọ́.

Mọ̀nsúrát gbé ẹran àgbò díndín wá nínú abọ́ tó fi ìdérí bò. Láàlì dúdú ti gun ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Màmá, tiyín ni mo kọ́kọ́ gbé jáde. Wọ́n ti ń bínú sí mi nílé."

"Ta ló ń bínú?"

"Bàbá Rọ́fíà ni. Ó ní ṣé ẹ̀yin lẹ bí mi ni."

"Sọ fún un pé ká ní èmi ni mo bí ẹ, ìwọ ì bá ti mọ báyọ́lọ́jì."

"Ẹ jọ̀ọ́ o, màmá. Èékánná tí mo mọ̀ ti tó mi."

A jọ rẹ́rìn-ín. Kò sí lórí wáásáàpù ẹgbẹ́ onílé. Báwo ni yóò ṣe wà níbẹ̀? Kò nílé. Yàrá kan ni òun, ọkọ rẹ̀ àti Rọ́fíà ọmọ wọn jọ ń gbé ní ọ̀nà Badore, agboòrùn yẹn ló sì ń bọ́ wọn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti já bọ́ láti orí àkàbà níbi iṣẹ́ birikilà.

Ẹran náà rọ̀. Mo jẹ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 9 Òkúdù

Ariwo ló gbé mi dé géètì. Alága ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú Hakeem tó ń ṣọ́ géètì, wọ́n mú ìwé kan dání tí wọ́n ti fi ọ̀rá bò nítorí òjò. Alága tún ọ̀fun ṣe bí ẹni tó fẹ́ ṣí afárá.

"Nípa agbára tí òfin ẹgbẹ́ onílé gbé wọ̀ mí, mo pàṣẹ pé kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa títí ìpàdé yóò fi jókòó lé e."

Mọ̀nsúrát wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. "Ṣọ́ọ̀bù wo, Ọ̀gá? Agboòrùn rèé."

"A ó sì gba àwọn irinṣẹ́ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí."

"Ẹ̀rí kí ni? Sísọ́ọ̀sì ni, Ọ̀gá. Kì í ṣe ìbọn."

Àwọn birikilà tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló ba nǹkan jẹ́. Alága wa lè fara da ìkún omi, wọ́n lè fara da kí iná má sí fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n wọn kò lè fara da ẹ̀rín.

"Hakeem! Kó o!"

Hakeem, tí Mọ̀nsúrát ń gé èékánná fún lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìgbà tó ti dé géètì yìí, kó sísọ́ọ̀sì mẹ́ta, fáìlì àti búrọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀rá dúdú. Ó ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kó ẹyin. Kò gbójú sókè.

"Ẹsẹ̀ ènìyàn mẹ́rìnlá ló ti bà jẹ́ nínú ẹ́sítéètì yìí nítorí ìdọ̀tí rẹ," ni Alága wí.

"Ìdọ̀tí kẹ̀? Sípírítì ni mo fi ń nù wọ́n, mo tún ń rì wọ́n sínú bílíìṣì. Ẹ bi Màmá Tíṣà. Ojú wọn ni mo ti ń ṣe é."

Alága yíjú sí mi, inú wọn dùn. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹni tó tú àṣírí náà rèé. Màmá Tíṣà gan-an ló kọ ọ́ fún wa pé ká ṣọ́ra fún sísọ́ọ̀sì. Onímọ̀ ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò lè já wọn nírọ́."

Mọ̀nsúrát wò mí. "Màmá, ẹ̀yin?"

Mo ní n kò dárúkọ rẹ̀. Mo ní mo kàn ń sọ bí nǹkan ṣe máa ń rí ni. Mo gbọ́ ohùn ara mi: ohùn ọmọ tó fọ́ wíńdò, tó ń ṣàlàyé pé ẹyẹ ni òun sọ òkò sí.

Kò bú mi. Ì bá bú mi. Ó pa agboòrùn rẹ̀ dé, ó gbọn omi ara rẹ̀ nù, ó ní, "Ó dàárọ̀, mà." Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni.

Ọjọ́rú, 11 Òkúdù

Ibi tí agboòrùn wà ti di adágún. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ti gba ipò rẹ̀. Alága kò tíì mú ìwé òfin wá bá òun.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Òkúdù

Mo pe Mọ̀nsúrát ní ẹ̀mẹta lórí fóònù. Kò gbé e. Hakeem ní ó ti ra sísọ́ọ̀sì kan, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Ta ni yóò gé èékánná níbẹ̀? Àwọn tó ń po kọnkéré, sìmẹ́ǹtì ló ń bá wọn gé tiwọn.

Tòmátì ní ọjà Sàngótẹ̀dó ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo ra tinú agolo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Òkúdù

Ìpàdé ẹgbẹ́ onílé. Tẹ́lẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò nílé Alhaji Ọdúnjọ la ti ń ṣe é, tí eèrà ń jẹ wá, tí a sì ń tètè parí. Láti oṣù Ògún ọdún tó kọjá tí Alága ti tẹ́ mábù sí pálọ̀ wọn, ọ̀dọ̀ wọn ni, a kì í sì í tètè parí mọ́. A ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ó wọ sílípáàsì onírun tí wọ́n kó wá láti Dùbáì, tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ńlá kan. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ẹsẹ̀ lásán wọlé lónìí nítorí ẹsẹ̀ mi ti rin sinsin nínú omi títì. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, Ítálì ni mábù yìí ti wá o." Bí ẹni pé mo fẹ́ dá a padà.

Ọ̀rọ̀ Mọ̀nsúrát ló ṣìkẹta. Ìyàwó Alága ní àbúrò òun kan ní kọ̀ǹténà tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tó ti ń bá ènìyàn tún èékánná ṣe, pé ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ ẹnu géètì àwọn ènìyàn gidi. Mo dìde. Mo ní ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì fi èékánná kankan han dókítà, pé èmi tí mo sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Alhaji Ọdúnjọ ní, "Ẹ jẹ́ kí màmá wádìí rẹ̀. Ẹni tó dá iná ló mọ ibi tó fi ìṣáná sí."

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, èmi kì í fi ẹ̀tanú ṣiṣẹ́. Ẹnjiníà ni mí. Ẹ mú ẹ̀rí wá ní ìpàdé ìparí Ògún. Bí kò bá sí, kọ̀ǹténà á wọlé."

Oṣù méjì. Mo ti fún àwọn ọmọ ní àkókò tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

Mo lọ bá Àyànlọ́lá, dókítà awọ ara, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Lẹ́kí. Ọmọ kíláàsì mi ni nígbà kan; ó máa ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Lónìí ó wọ ìbọ̀wọ́ méjì kó tó di ẹsẹ̀ mi mú. Mo rántí pé Mọ̀nsúrát kì í wọ ìbọ̀wọ́ fún mi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló máa ń fi gbé gìgísẹ̀ mi.

"Tíṣà, ẹ rántí làpálàpá?"

"Ta ló kọ́ ẹ ní làpálàpá?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹbí kan náà ni wọ́n. Èyí tó dé orí ọmọdé, à ń pè é ní làpálàpá. Èyí tó wọ abẹ́ èékánná àgbà, à ń pè é ní ọ̀pọ̀ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn fẹ́ràn ni òkùnkùn, ooru àti omi."

Ó ní kì í ṣe gbogbo èékánná tó nípọn ni ebu wà lábẹ́ rẹ̀ o. Bàtà tó ń fún ni lè ṣe é. Ọjọ́ orí lè ṣe é, kí ẹ̀jẹ̀ má sì máa dé ìka dáadáa. Ìtọ̀ ṣúgà a máa ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tí kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù, tó ń dárúkọ ohun tó fà á, wòlíì ni.

"Ṣé sísọ́ọ̀sì lè gbé e?"

"Ó lè gbé e. Mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ bàtà ló burú jù. Bàtà ta lẹ ń wọ̀, Tíṣà?"

"Tèmi."

"Tiyín nìkan?"

"Àyànlọ́lá, ní ọjọ́ orí mi, bàtà ta ni mo fẹ́ lọ wọ̀?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ ṣáà rò ó."

Ó gé díẹ̀ nínú èékánná mi, ó ha ìyẹ̀fun abẹ́ rẹ̀ sínú ìgò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ebu tó hù dáadáa. Ó yá ju ìwé owó ìfẹ̀yìntì mi lọ.

Ọjọ́ Ajé, 14 Agẹmọ

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé àti bírò. Àwọn kan rò pé ìkànìyàn ni. Orúnkún mi ń bú mi.

Ohun tí mo rí rèé. Alhaji Ọdúnjọ ní àrùn náà ní ìka mẹ́ta. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni Mọ̀nsúrát gé tiwọn gbẹ̀yìn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ. "Èmi? Kí obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó mi di ẹsẹ̀ mi mú? Abẹ́ ni mo fi ń gé e láti kékeré." Wọn kò jókòó lábẹ́ agboòrùn yẹn rí, èékánná wọn sì burú ju tèmi lọ.

Modúpẹ́ náà ní in. Ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń lo ilé ìwẹ̀ kan náà, tí Mọ̀nsúrát sì ń gé tirẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kò ní in. Ó tún bọ́ ìbọ̀sẹ̀ hàn mí, ó ń yangàn.

Hakeem ńkọ́, àti àwọn obìnrin méjì tó ń gbálẹ̀ ẹ́sítéètì? Oníbàárà Mọ̀nsúrát ni gbogbo wọn. Èékánná wọn mọ́ bí ìkarahun.

Ọdún mẹ́rin ni Mọ̀nsúrát fi jókòó lẹ́nu géètì, kò sí ẹni tó ké. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni gbogbo àwọn tó ní in sọ pé tiwọn bẹ̀rẹ̀.

Nígbà náà kí ni? Mo jókòó ti ìwé náà títí tíì fi tutù. Mo mọ̀ pé ìdáhùn wà níbẹ̀. N kò rí i. Òjò.

Ọjọ́bọ̀, 17 Agẹmọ

Mo tún pe Mọ̀nsúrát. Ọmọ rẹ̀ Rọ́fíà ló gbé e. "Màmi ní àwọn ò sí nílé." Mo gbọ́ ohùn màmi lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Agẹmọ

Mo ti rí i. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ìpàdé. Omi wà ní títì dé kókósẹ̀. Mo bọ́ bàtà òjò mi sẹ́nu ọ̀nà Alága, mo mú sílípáàsì kan nínú apẹ̀rẹ̀, mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Irun inú rẹ̀ rin, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ti ẹsẹ̀ bọ ẹnu ajá. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lóṣù tó kọjá ti fi omi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà ló ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn, ìdérí lórí rẹ̀. Òkùnkùn, ooru àti omi.

Mo dúró. Alhaji Ọdúnjọ wà lẹ́yìn mi. "Màmá, ẹ wọlé, òjò ń pa wá."

Mo ń wo ẹsẹ̀ gbogbo wọn nínú pálọ̀. Alhaji. Modúpẹ́, tó jẹ́ òun ló máa ń wá sípàdé, tí ọkọ rẹ̀ kì í wá. Ìyàwó Alága. Akọ̀wé. Mo ka orúkọ tó wà nínú ìwé mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ni, kò sí ẹnì kan tí kì í wá ìpàdé níbẹ̀. Bàtà ta lẹ ń wọ̀, Tíṣà? Oṣooṣù ni mo ń wọ bàtà alábàtà, pẹ̀lú ọpẹ́, nítorí pé ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ni aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Mo ti fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀ nígbà kan, mo rí ibi tó já sí. Nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà ìparí, tí gbogbo ojú dì, mo bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ kan, mo tì í sínú báàgì mi. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Olè àkọ́kọ́ tí mo jà nìyẹn, àárín àdúrà ni mo sì ti jà á. Nígbà tí mo gbójú sókè, Alhaji kò dijú. Wọ́n wò mí, wọ́n wo báàgì, wọ́n sì ṣe "Àmín" kíkankíkan kí àdúrà tó parí.

Ọjọ́ Ajé, 28 Agẹmọ

Mo ní kí Hakeem fún mi ní ọ̀rá dúdú tí irinṣẹ́ Mọ̀nsúrát wà nínú rẹ̀.

"Màmá, Alága ní ẹ̀rí ni."

"Ẹ̀rí náà ni mo fẹ́ lọ jẹ́rìí sí."

Ó yọ ọ́ lábẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó ti fi aṣọ wé e. "Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò jẹ́ kó dóògún."

Àyànlọ́lá gba sílípáàsì náà pẹ̀lú ìka méjì. Ó gba ọ̀rá dúdú. Alhaji àti Modúpẹ́ tẹ̀ lé mi lọ, ó gé nínú tiwọn náà. Ó kọ orúkọ sára ìgò kọ̀ọ̀kan. "Tíṣà, mo bi yín léèrè bàtà ta lẹ ń wọ̀."

"Mo gbọ́ ẹ nígbà náà. Máa kọ ohun tí ò ń kọ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Ògún

Èsì èékánná tèmi dé, ebu ni, oògùn mi sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ mi wò kí wọ́n tó fún mi. Oṣù mẹ́ta ni n ó fi mu ún, èékánná tuntun yóò sì gbà tó ọdún kan ààbọ̀. Ebu mọ bí a ti ń gbélé ju ayálégbé lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Ògún

Èsì yòókù dé. Ebu kan náà ló hù láti inú èékánná mi, ti Alhaji àti ti Modúpẹ́. Òun náà ló hù láti inú irun sílípáàsì Alága, ó hù bí ẹ̀fọ́ ìgbà òjò. Lára sísọ́ọ̀sì, fáìlì àti búrọ́ọ̀ṣì, kò sí ohun tó hù.

Àyànlọ́lá, nítorí pé èmi ni mo kọ́ ọ, fi kún un: "Mi ò lè búra pé irinṣẹ́ yẹn kò gbé e rí. Ó ti wà ní gbígbẹ fún ọ̀sẹ̀ méje. Àmọ́ ẹni tó ń wá ibi tí ẹni mẹ́rìnlá ti kó o, tó fi apẹ̀rẹ̀ yẹn sílẹ̀ tó gba agboòrùn lọ, ó ti mọ ẹni tó fẹ́ dá lẹ́bi kó tó jáde nílé."

Mo ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó lu òòtẹ̀ sí i. Bí mo ti ń wọlé, ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lẹ́nu géètì, ó ń sọ kọ̀ǹténà pupa kan kalẹ̀ sórí adágún ọ̀pọ̀lọ́. Ìpàdé ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Ògún

Mo mú sílípáàsì rọ́bà tèmi lọ. Mo wọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ìlànà ilé yìí..."

"Mo mọ̀ ọ́n, Alága. Ìlànà náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí."

Mo ka èsì láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò gbé ohùn sókè. Nígbà tí mo dé ibi tí sílípáàsì wà, mo rí i tí ẹsẹ̀ ń gòkè kúrò nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri pálọ̀, tí sílípáàsì ń bọ́ pọ́, pọ́, pọ́ sórí mábù Ítálì.

Alága tún ọ̀fun ṣe. "Kò ṣeé ṣe. Dùbáì ni mo ti rà wọ́n. Ojúlówó ni."

"Ẹnjiníà," ni Alhaji wí, "ebu kì í béèrè físà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti jàre. Ó yẹ kí n ti mọ àwọn ènìyàn mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ̀rín tó tán, ẹnì kan ti dábàá pé kí oníkálukú máa mú sílípáàsì tirẹ̀ wá. Wọ́n fọwọ́ sí i. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹgbẹ́ rí ojútùú sí ọ̀rọ̀ èékánná lábẹ́ ìdarí Alága. Mo rí i tó kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára.

"Mọ̀nsúrát ńkọ́?" ni mo bi wọ́n.

Wọ́n wò mí bí ìgbà tí ènìyàn dárúkọ òkú níbi ìkómọjáde.

"Màmá, ìyẹn ti kọjá," ni Alága wí. "Kọ̀ǹténà ti dé. Ẹ ò ní ká tún gbé e padà."

"Ẹ ní tí mo bá mú ẹ̀rí wá..."

"Ẹ mú un wá, màmá. Ó tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Mo ní ó kéré tán, kí ẹnì kan kọ ọ́ sórí wáásáàpù pé a ṣẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn ń wá bàtà wọn. Modúpẹ́ ló dá mi lóhùn, kò sì fi ìwà burúkú dá mi lóhùn: "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ ti àkọ́kọ́."

Mo kọ ọ́. Ẹni méjì ló pàtẹ́wọ́: Alhaji, àti Láńre ọmọ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Ọwẹ́wẹ̀

Mo yọjú sí kọ̀ǹténà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ké. Lẹ́nu ọ̀nà, fún àwọn oníbàárà, wọ́n to sílípáàsì onírun. Mo mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan kò ní ìkejì.

Mo sọ fún ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀, àbúrò ìyàwó Alága, ohun tó wà nínú irun yẹn. Ó gbọ́ mi tán tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Àǹtí mi ti fi lọ́fínńdà sí gbogbo wọn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Ọwẹ́wẹ̀

Hakeem gbọ́ pé Mọ̀nsúrát ti wà ní Eleko, níwájú òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan níbi tí àwọn ará ìlú ti ń wá ṣeré ní òpin ọ̀sẹ̀. Láńre ń lọ síbi iṣẹ́ ní èbúté; ó já mi síbẹ̀ lọ́wọ́ àárọ̀.

Agboòrùn aláwọ̀ ewé náà ni. Atẹ́gùn òkun ti fa ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ya. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn apẹja ń fa ọkọ̀ sórí iyanrìn. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ. "Ẹ káàárọ̀, mà." Kò pè mí ní Màmá Tíṣà.

Mo gbé ọ̀rá dúdú irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, mo fún un ní ìwé èsì. Mo ti fi ọ̀rá bò ó kí omi má baà kàn án. Mo kíyè sí i pé bí Alága ṣe ṣe tiwọn ni mo ṣe é.

"Kí ló wà níbẹ̀, mà?"

"Pé kì í ṣe ìwọ."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

Òkun ń ké. Mo ní mo ti kọ ọ́ fún gbogbo wọn, pé Hakeem kí i, pé kò jẹ́ kí irinṣẹ́ rẹ̀ dóògún. Mo ní kó jọ̀ọ́.

"Mo ti gbọ́, mà. Ọlọ́run á forí jì wá." Ó dá ìwé náà padà fún mi. "Ẹ tọ́jú rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ fi hàn níbí? Ẹni tó wá lúwẹ̀ẹ́ ò béèrè ìwé." Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ta ló ń bá yín gé e?"

"Kò sí ẹni tó ń gé e."

"Láti Òkúdù? Ẹ jókòó. Ẹ mú ẹsẹ̀ wá."

Mo jókòó. Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó yọ ìbọ̀wọ́ jáde, ó wọ̀ ọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó wọ̀ ọ́ sí ọwọ́ òsì. Kò lo sísọ́ọ̀sì tuntun rẹ̀. Inú ọ̀rá dúdú tí mo gbé wá ló ti mú ọ̀kan nínú àwọn ti àtijọ́. Ó gbé gìgísẹ̀ mi. Rọ́bà ló kàn mí. Ó gé gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó tò ó sínú bébà, kò jẹ́ kí ẹyọ kan bọ́ sórí iyanrìn. Kò ta mí lára rárá.

Nígbà tó ṣe tán, ó da sípírítì sí sísọ́ọ̀sì náà, ó wé e sínú ọ̀rá, ó fi í lé mi lọ́wọ́.

"Tiyín nìyẹn, mà. Tí ẹ bá tún ń bọ̀, ẹ mú un dání. Mi ò lè fi kan ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó wà lára yín."

"Mo mọ̀."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jù ú sínú garawa, ó bu omi fọ ọwọ́ méjèèjì dé ìgúnpá. Gbogbo ohun tí mo ní kí wọ́n ṣọ́ra fún ní ọjọ́ kẹta Òkúdù, ó ṣọ́ra fún un. N kò rí àṣìṣe kan. Ká ní ìdánwò ni, ǹ bá fún un ní ọgọ́rùn-ún.